Ẹ̀yìn Ni Iná Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Ẹ bá mi kí Télọ̀ tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ẹ ní kó rọra kà á, kó má sáré bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ fóònù, pé fóònù kì í jẹ́ kéèyàn ronú kó tó dáhùn, nítorí náà ẹ ní sùúrù fún ọwọ́ ìwé mi.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Mo ti fi iṣẹ́ ilé ìfọṣọ yẹn sílẹ̀, mo ti rí iṣẹ́ gidi, ẹ ò sì ní gbà gbọ́ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Iná ni mò ń fi sínú ọkọ̀ ojú irin. Bàbá, iṣẹ́ yín gan-an ni. Ọ̀gá mi, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ló ń kọ́ mi. Ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, ojú mi sì mú, pé ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lánàá a parí ọkọ̀ kan tó ní kọ́ọ̀ṣì mẹ́fà. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, tí iná tàn ní gbogbo fèrèsé, ẹnu mi ò lè pa dé mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò ó, títí ọ̀gá mi fi bi mí pé ṣé mi ò nílé ni.

Ọ̀rọ̀ ojú yín ńkọ́? Télọ̀ ránṣẹ́ pé nọ́ọ̀sì ní awọ funfun tó bo ẹyin ojú yín ṣeé yọ, àti pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn ọ̀dọ̀ yín ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní bí a bá jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè di ohun tí apá ò ká mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Èmi ni ọmọbìnrin yín tó wà lókèèrè.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ẹyinjú mi,

Mo kí ọ, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò bá ọ jà? Lẹ́tà rẹ dé, Télọ̀ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi kà á lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn àgbà rélùwéè tí a jọ fẹ̀yìn tì ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Dírẹ́fà Àgbà ṣí fìlà. Ó ní ẹni bíni là ń jọ, pé ẹ̀jẹ̀ Oníná ló wà lára rẹ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní Oníná, ọmọ mi. Orí mi wú.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, tí ọkọ̀ wà lórí ìrìn, èmi ni mo máa ń mú ọ̀pá ìtanná mi lọ láti kọ́ọ̀ṣì dé kọ́ọ̀ṣì, tí mò ń tan fìtílà orí àjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ wá ń tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ sì ń tàn lẹ́ẹ̀kan. Ayé yìí mà ti lọ jìnnà o.

A ti ṣèpàdé lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti hú irin lọ ní ibùdó wa àtijọ́ ni ibẹ̀ ti di igbó, ilé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣẹ́ kù. A wá rò ó pé irú ọ̀gá tìrẹ yìí kò ní ṣàìní kọ́ọ̀ṣì àlòkù kan tí ò wúlò fún un mọ́. Bá wa bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹyọ kan ta wá lọ́rẹ, ká gbé e síbẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ò rí rélùwéè rí lè máa wọ inú rẹ̀ jókòó. Àwọn àgbà ti ń roko ibẹ̀ báyìí, wọ́n ti gé igi méjì. Bi ọ̀gá rẹ bó ṣe gùn tó, ká lè mọ ibi tí a máa ro dé.

Ní ti ojú, fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á fi báńdéèjì dì í, kí n wà nínú òkùnkùn di ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò wọ òkùnkùn rí láìmú iná dání. Mo ṣì ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, mo ń mọ̀ bó bá ṣú. Ìwọ̀nba yẹn tó mi.

Bàbá rẹ.

Èmi Télọ̀ ni mo kọ ọ́. Bàbá ní kí n má fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé máṣìnnì ìránṣọ mi, ó rò pé àga ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́. Mo ti kọ ọ́, mo ti fà á ya, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣàlàyé dáadáa nígbà àkọ́kọ́, ìdùnnú ni ò jẹ́ kí n fura. Ọkọ̀ ojú irin tí mò ń fi iná sí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀. Ọkọ̀ kékeré ni. Kọ́ọ̀ṣì kan ò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, orí tábìlì ló sì ti ń sáré. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ràn rélùwéè ló ń rà á. Wọ́n á kọ́ ìlú kékeré yí i ká, pẹ̀lú ibùdó, afárá, àti àwọn èèyàn tí ò tó èékánná.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni, Bàbá. Ọ̀gá mi á ṣí òrùlé kọ́ọ̀ṣì náà bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Èmi á fi ẹ̀mú kékeré gbé iná tí ò tó hóró ọkà bàbà, màá fi òjé jó wáyà tó tín bí irun orí mọ́ ọn lára. Bí mo bá mí kanlẹ̀, iná náà á fò lọ, a ó sì jọ máa rá pálá wá a lábẹ́ tábìlì.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí a ṣe ń darí rẹ̀. Irin méjì tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni iná mànàmáná ń gbà, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń gbà. A máa ń fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwa ń pè é ní ọpọlọ, a ó sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí mo bá fi ẹ̀rọ ìdarí tó wà lọ́wọ́ mi pe nọ́ńbà kan, gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì ló máa gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tí mo pè nìkan ló máa jẹ́. Bí ẹ ṣe máa ń pè mí láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣeré ní ìta gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é. Irin lásán ni, ó sì dá mi lóhùn.

Ẹ bá mi bẹ àwọn àgbà. Ẹ ní kí wọ́n má gé igi kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, oṣù kẹsàn-án kò jìnnà mọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ ojú yẹn rò.

Ọmọ yín.

Mo gbàgbé: ẹ jọ̀ọ́, kí Télọ̀ má ka lẹ́tà yìí níwájú àwọn àgbà rélùwéè.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti gbọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá lo kọ ọ́ sí pé kí Télọ̀ má kà á níwájú wọn, ìsàlẹ̀ náà ló sì kà gbẹ̀yìn.

Dírẹ́fà Àgbà dìde. Ó mú àdá rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ì bá sàn kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti ro ibẹ̀ dé ojú títì.

Mo rán ọ nílé ìwé kí o lè wúlò fún èèyàn. Fìtílà tí mo tàn, àwọn aboyún ló fi ríbi jókòó, àwọn arìnrìn-àjò ló fi rí ẹrù wọn. Èyí tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ta ni ń jókòó nínú rẹ̀? Ta ni òkùnkùn rẹ̀ ń dà láàmú? Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Má sì kọ̀wé sí mi nípa ojú mọ́. Kí ni mo fẹ́ fi wò?

Bàbá rẹ.

Bàbá ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Télọ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ, ẹ ò fèsì. Télọ̀ nìkan ló ránṣẹ́ pé ẹ wà láàyè, pé ẹ kì í jáde mọ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ojú nínú èyí, mo ṣèlérí. Ìbéèrè kan péré ni mo ní.

Ọ̀gá mi fún mi ní kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí ara wọn ti bó, ó ní kí n fi wọ́n ṣe ohun tó bá wù mí. Ọkọ̀ tiwa ni mo fi wọ́n ṣe. Mo kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀ àti àwọ̀ wàrà lókè. Mo fi fìtílà sí orí àjà, ní àárín gbùngbùn, bó ṣe wà nígbà náà. Mo wá tẹ bọ́tìnnì, gbogbo kọ́ọ̀ṣì tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa.

Nígbà tí ẹ máa ń mú mi wọ ọkọ̀ nígbà ìsinmi, iná kì í tàn lójijì. Ó máa ń bọ̀ ni. Mo máa ń jókòó létí fèrèsé nínú òkùnkùn, màá máa gbọ́ bàtà yín lókèèrè, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rántí ilẹ̀kùn tí ẹ máa ń gbà wọlé. Ṣé láti iwájú lẹ ti ń bọ̀ ni, àbí láti ẹ̀yìn?

Kò dìgbà tí ẹ bá dárí jì mí kí ẹ tó dáhùn. Ẹ kàn ní kí Télọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan: iwájú, tàbí ẹ̀yìn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Ẹ̀yìn.

Mo ní kí Télọ̀ dá a dúró síbẹ̀, kó lẹ àpò ìwé. Ó ti lẹ̀ ẹ́ tán kí n tó ní kó ṣí i padà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan lo mọ̀, wàá bà á jẹ́.

Kọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, màá sì kọjú sí orí ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé níbi tí irin bá ti yí, dírẹ́fà máa ń bojú wẹ̀yìn, ó sì gbọ́dọ̀ rí iná tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Dírẹ́fà Àgbà sọ fún mi nígbà kan pé ìgbà yẹn ni òun máa ń mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà lórí irin.

Bí mo bá sì wọ kọ́ọ̀ṣì, n kì í jẹ́ kí iná là lójijì. Ojú tó ti bá òkùnkùn mọ́ra, iná òjijì máa ń ta á ni. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ pe àkíyèsí mi sí i, nígbà tó gbé ọ dání lọ́mọ ọwọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tan fìtílà, màá fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú rẹ̀, màá wá máa ṣí ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn èrò á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀: imú ẹnì kan, apẹ̀rẹ̀ ẹnì kan, ọmọ tó sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n á máa wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sán ni wọ́n ti jọ jókòó. Àwọn tó ń bára wọn jà á dákẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, kò sú mi lọ́jọ́ kan. Mo máa ń rò ó pé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní ayé àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹnì kan ń ṣí ìka rẹ̀.

Ṣé iná kékeré tìrẹ yẹn lè ṣí díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bí kò bá lè ṣe é, má fi orúkọ ọkọ̀ wa pè é.

Bàbá rẹ.

Àpò ìwé kejì rèé. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Télọ̀.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ó lè ṣe é.

Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọpọlọ kan ló wà fún ọkọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Ní báyìí, kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nọ́ńbà wọn sì yàtọ̀. Mo gbé iná orí tábìlì mi síwájú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo wá ń ṣí ìka mi bí ẹ ṣe wí, mò ń wo ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri. Bó ṣe ń là lára ògiri ni mo ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí kọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn bá là tán, á pe èyí tó wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí ọkọ̀.

Ọ̀gá mi wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí n tún un ṣe. Nígbà tó yá, èmi ni mo bi í pé ṣé kò nílé ni.

Mo ti dì í sínú páálí, ó ti wà lọ́nà. Irin rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ wà níbẹ̀, bátìrì mọ́tò lè gbé e. Bọ́tìnnì tí mo kùn ní pupa ni kí wọ́n tẹ̀.

Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀ ojú, mi ò sì sọ ọ́. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé iná náà kéré gan-an.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Ẹyinjú mi,

Páálí rẹ dé. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, ṣùgbọ́n o mọ Télọ̀. Dírẹ́fà Àgbà fúnra rẹ̀ ló wá fà mí jáde nílé. Ó tú bátìrì mọ́tò rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, a sì jọ lọ sí ilé tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gbé tábìlì síbẹ̀, wọ́n ti to irin náà yíká, wọ́n ti pa fèrèsé dé kí inú ilé lè ṣókùnkùn. Wọ́n fi mí jókòó síwájú bí ọba.

Mo gbọ́ nígbà tó gbéra. Ìró rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Àwọn èèyàn ṣì ń ṣàwàdà, ẹnì kan ní kí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún òun. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́. O mọ bí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe máa ń pariwo, ọmọ mi, kò sẹ́ni tó tún wúkọ́ mọ́. Mo ní, “Ṣé ó ti tàn?”

Dírẹ́fà Àgbà di ọwọ́ mi mú. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, “Oníná, ó ń bọ̀. Ó ti kúrò lẹ́yìn. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

Mo la ojú títí omi fi bọ́ níbẹ̀. Kùrukùru lásán ni mo rí. Gbogbo ilé ń wo iná mi, èmi nìkan ni mi ò rí i.

Mo ti ní kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é. Ẹ̀rù báńdéèjì yẹn ṣì ń bà mí o. Dírẹ́fà Àgbà ní òun á jókòó tì mí.

Bàbá rẹ.

Àtìgbà èwe mi ni mo ti ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mo rò pé mo mọ ohun tó ń jẹ́ kékeré. Mi ò mọ̀ ọ́n. Nǹkan kan sì wà nínú kọ́ọ̀ṣì kẹta tí mo rí, mi ò sọ fún Bàbá, mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó kù. Kó fojú ara rẹ̀ rí i. Télọ̀.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá

Ẹyinjú mi,

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ èyí. Má wo bí ìlà rẹ̀ ṣe wọ́. Télọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń bínú pé mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n dì í, wọ́n sì ní kí n pa èkejì dé kó lè sinmi. Òkùnkùn náà ṣú, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ń wá ọ̀pá ìtanná kiri orí bẹ́ẹ̀dì. Dírẹ́fà Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ní, “Ó ti wọ kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn. Ó ti wọ èyí tó tẹ̀ lé e.” Bó bá dé orí ọkọ̀, á tún padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí mo fi sùn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ tú báńdéèjì, mo ní kó dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú náà kó tó tú u, kó wá máa ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni etí ìka rẹ̀, ó pọ́n bí ẹ̀yinná. Lẹ́yìn ìyẹn, fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú Dírẹ́fà Àgbà, ó ti darúgbó gan-an, ó sì ń sunkún. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún àwọn èèyàn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò mọ bó ṣe máa ń rí fún wọn. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Lánàá wọ́n mú mi lọ sí ilé tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kéékèèké kún ibẹ̀, orí ilẹ̀ tí a ro ni wọ́n ń tò sí. Wọ́n jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnnì pupa náà fúnra mi. Ó wá ń bọ̀, láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú láìmọ̀, bí ẹni pé fìtílà wà níbẹ̀.

Mo tẹ̀ ba, mo fi ojú tuntun yìí wo inú kọ́ọ̀ṣì kẹta. Ọmọdébìnrin kan jókòó létí fèrèsé, kò tó èékánná mi. Gbogbo àwọn èrò yòókù kọjú sí iwájú. Òun nìkan ló yíjú sẹ́yìn, sí ilẹ̀kùn tí iná ń gbà bọ̀.

Mo bi ọ́ nígbà kan pé ta ni ń jókòó nínú rẹ̀. Mo ti rí i.

Ojú kejì di oṣù tó ń bọ̀, bí àwọn dókítà bá padà wá. Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ mi, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí.

Bàbá rẹ,
Oníná.